Iyán Ọ̀nà Àpáta

Kí n tó sọ ohunkóhun nípa Bàbá Àgbà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ẹnu ara mi jẹ́wọ́, torí bí mi ò bá sọ ọ́, Ìyá Títí á sọ ọ́, wọ́n á sì fi iyọ̀ sí i. Mo ti jẹ iyán ọ̀nà tí mi ò rìn rí.

Ìyá Títí ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Àwọn ló ń bá Bàbá Àgbà gbé ní Abà Olókùúta, lẹ́yìn Erunmu, tí wọ́n ń tọ́jú ilé. Títí, àbígbẹ̀yìn wọn, ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìwádìí kan n'Íbàdàn, òun ló sì ra aago ọwọ́ kan fún mi. Aago náà kì í sọ ìgbà nìkan. Bí èèyàn bá ń sáré lójú ọ̀nà, á máa ka bí àyà rẹ̀ ṣe ń lù, á wo bí ara ṣe wúwo tó, á wo bí ọ̀nà ṣe jìn tó àti bó ṣe ga tó, á wá ṣírò iye kálórì tí ara ti jó. Títí ní kálórì ni agbára tó wà nínú oúnjẹ, pé èyí tí a bá jẹ tí a ò jó ló ń di ikùn. Ó wo ikùn mi bó ṣe ń sọ ọ́. Télọ̀ ni mí, l'Ólódò. Orí àga ni mo ti ń jẹun òòjọ́ mi, mo sì ti ka ikùn sí ẹ̀rí pé iṣẹ́ ń lọ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, mo de aago mọ́ ọwọ́, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà eré ìje tuntun, ọ̀kadà já mi sí oríta, mo sì kọjú sí Ọ̀nà Àpáta, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó gba inú igbó gun òkè lọ sí abà. Mo sáré. Mo sáré dé ibi ọ̀pẹ kẹta. Ibẹ̀ ni nǹkan kan ti mí nínú igbó. Ká ní ó rìn ni, ǹ bá sọ pé òkété ni. Ó mí, bí ẹni tó ti ń retí mi. Mo dúró. Òun náà dúró. Mo fẹ̀yìn ti ọ̀pẹ, mo bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kan, mo gbàgbé ìdajì rẹ̀, mo tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún mí lẹ́ẹ̀kejì, mo padà sí oríta pẹ̀lú eré tí mi ò sá lọ, mo gun ọ̀kadà, mo gba ọ̀nà mọ́tò wọ abà. Lórí ọ̀kadà ni mo ti wo aago. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta kálórì! Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tó mí.

Mo dé ilé, mo dọ̀bálẹ̀, mo na ọwọ́ aago síwájú Bàbá. Mo ní, "Ọ̀nà Àpáta ni mo gbà, Bàbá. Ẹ wò ó, aago kọ ọ́ síbẹ̀." Bàbá ò wo aago. Wọ́n wo bàtà mi, tó ń dán bí ojú ọmọ tuntun. Lẹ́sẹ̀ kan náà, Ìyá Títí ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, wọ́n ń pariwo pé, "Ta ló gba Ọ̀nà Àpáta kọjá láàárọ̀ yìí? Àgùntàn mi tí mo so síbẹ̀ já okùn, ó sáré wálé, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n!" Mo fa ọwọ́ aago sẹ́yìn. Bàbá wá sọ fún Ìyá Títí pé, "Rẹ̀mí, gúnyán fún Àkànní. Aago rẹ̀ ti rìn, kó bá a jẹ ẹ́."

Mo jẹ ẹ́ tán. Ìyẹn gan-an ni ìtìjú ibẹ̀.

Nígbà tí mo ti Èkó dé, níbi tí mo ti kọ́ṣẹ́ aṣọ láti kékeré, ni mo ti bá àṣà iyán yìí nílẹ̀, mo sì rò pé bí wọ́n ṣe bí Bàbá ni wọ́n ti ń ṣe é. Bí o bá dé Abà Olókùúta, ẹ ó kíra yín tán, ìbéèrè kìn-ín-ní ni, "Ọ̀nà wo lo gbà?" Bí o bá gba ọ̀nà mọ́tò, omi tútù àti ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ Ọ̀nà Odò, tó tẹ́jú, tó sì nílẹ̀ rírọ̀, ẹ̀kọ méjì àti mọ́ínmọ́ín. Iyán ni ti Ọ̀nà Àpáta, bí ẹrù bá sì wà lórí rẹ, ẹran á pọ̀ sí i. Irọ́ ò sí níbẹ̀, torí Bàbá á wo erùpẹ̀ gìgísẹ̀ rẹ, wọ́n á wo ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ bóyá ó tutù, wọ́n á sì tẹ́tí sí ìkíni rẹ. Bí o bá kí wọn láti orí ilé dé orí oko láìdánu dúró mí, wọ́n á yọ ẹ̀kọ kan kúrò níbẹ̀.

Àwọn ará abà ní ahun ni wọ́n. Bàbá ní ìmọ̀ ni. Wọ́n ti ṣe lébìrà fún ọ̀pọ̀ ọdún ní oko ìwádìí kan, níbi tí wọ́n ti ń fi òṣùwọ̀n wọn oúnjẹ ewúrẹ́. Ewúrẹ́ tí wọ́n bá kó lọ sórí òkè, wọ́n á fi kún tirẹ̀. Èyí tó bá jókòó sínú ilé, wọ́n á dín in kù. Àwọn ọ̀gá ń kọ ọ́ sínú ìwé, Bàbá ń fi ojú kó o. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀gá kó ìwé wọn lọ, Bàbá kó ojú tiwọn wálé, àwa la sì di ewúrẹ́.

Èyí tó dun ọkọ Títí jù nìyẹn. Ọdún tó ra mọ́tò, ó wọ ẹ̀wù funfun, ó gbé ìyàwó rẹ̀ wá kí Bàbá. Atẹ́gùn tútù ń fẹ́ sí wọn láti Ìbàdàn títí dé ẹnu ọ̀nà. Bàbá béèrè ọ̀nà, ó fi ayọ̀ nawọ́ sí mọ́tò. Wọ́n gbé ẹ̀pà wá. Ọkọ Títí wo ẹ̀pà, ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ẹ̀pà padà.

Ó ní, "Bàbá, àna yín mà ni mí."

Bàbá ní, "Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan án. Ẹlòmíràn á jẹ ẹ́ ní tútù."

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà páàkì mọ́tò sí oríta, ó fẹsẹ̀ rìn wá pẹ̀lú bàtà aláwọ. Ó jẹ iyán méjì, ó sì sùn sórí ẹní Bàbá bí ọmọ ilé. Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá ń sọ pé ahun ni Bàbá, òun ló máa ń kọ́kọ́ bínú. Á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì gun àpáta, kí lẹ mọ̀?"

Títí fúnra rẹ̀ ò gbà bẹ́ẹ̀. Ó kàwé, ó sì gbà pé ohun tí a ò bá fi òṣùwọ̀n wọ̀n, àbá lásán ni. Ní ọjọ́ kan, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré wá sí abà, ó wọn iyán Bàbá, ó wọn ẹ̀kọ, ó jókòó sí ìdí ìwé rẹ̀. Bàbá náà fa àpótí wọn sún mọ́ ọn.

"Kí lo ti kọ síbẹ̀?"

"Bí ọ̀nà ṣe jìn tó, Bàbá. Àti bó ṣe ga tó. Àti bí ẹni tó ń sáré ṣe wúwo tó."

"O ka òkúta?"

"Òkúta kẹ̀?"

"Òkúta ni. Ẹni tó ń tẹ òkúta kì í sinmi, gbogbo ẹsẹ̀ ló ń ronú. Òjò àná ńkọ́?"

"Bàbá, òjò ò sí nínú ìṣirò."

"Fi í sí i. Ilẹ̀ yíyọ̀ ń jẹ ẹ̀kọ kan. Ìsọ̀kalẹ̀ náà ń jẹun, má rò pé òkè nìkan ni. Orúnkún tó ń dá ara dúró ń ṣiṣẹ́."

Mo rí i tí Títí ń kọ ọ́, ẹni tó ní àbá lásán ni. Ó ṣe ìṣirò rẹ̀ títí, ó pa á rẹ́, ó tún un ṣe. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, iyán tí Bàbá ń fún ẹni tó bá gba Ọ̀nà Àpáta, díẹ̀ ló fi yàtọ̀ sí ohun tí ọ̀nà náà ń jẹ." Ó yíjú sí Bàbá. "Báwo lẹ ṣe mọ̀ ọ́n?"

"Ewúrẹ́ ló kọ́ mi."

Mo rí àyè, mo sọ ti ara mi. Mo ní ẹ̀rù náà ń jẹ nǹkan lára èèyàn, pé aago mi jẹ́rìí sí i lọ́jọ́ àgùntàn. Títí rẹ́rìn-ín, ó ní lóòótọ́, bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, àyà á máa lù kíkankíkan, aago tó ń tẹ̀ lé àyà á wá rò pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Ó ní ibẹ̀ ni aago ti máa ń ṣìnà. Mo ní kí wọ́n kúkú fi ẹ̀kọ ààbọ̀ sí i nítorí ẹ̀rù. Bàbá mi orí. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù kì í jẹun. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà ló ń jẹ ẹ́."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀rù ṣe kúrò nínú ìwé.

Ẹ ó béèrè pé kí ló kan télọ̀ pẹ̀lú eré sísá nínú igbó. Nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn kan l'Ólódò ló fà á. Mo lọ gba oògùn ẹ̀yìn ríro, ó ní kí n na ọwọ́, ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó tún un wọ̀n bí ẹni tí ojú ń tàn.

Ó ní, "Bàbá yín ńkọ́?"

"Wọ́n ti kú."

"Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mọ́kànlélógójì."

"Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ogójì ni."

Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ru jù, ó fi ìdérí bo bírò rẹ̀. Mo ti rí ọ̀pọ̀ nǹkan tó bà mí lẹ́rù láyé, ajá, ejò, afárá onígi, ìyá ìyàwó mi. Mi ò rí èyí tó tó ìdérí bírò yẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, mo wà l'Ékòó lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí wọ́n ránṣẹ́ pé bàbá mi lọ sóko, kò dé. Oko ni wọ́n sọ, mi ò sì béèrè ibi tó jẹ́ ní oko. Oko tóbi. Ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí ju àìmọ̀ lọ.

Kí n máa bá ìtàn mi lọ: Títí gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, ó ra aago. Mo fi aago jẹ iyán ọ̀fẹ́. Nígbà tí mo padà sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, ara mi ti wúwo sí i. Ìyá Títí ròyìn rẹ̀ fún Bàbá, Bàbá sì ránṣẹ́ sí mi pé ní gbogbo Ọjọ́rú àti Sátidé, kí n wá, kí èmi àti àwọn jọ máa rin Ọ̀nà Àpáta, láti ilé dé oríta àti àbọ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Mo rò pé eré ni. Ní Ọjọ́rú, mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, wọ́n ti ṣẹ́ ṣòkòtò wọn sókè.

Bàbá ń rìn. Èmi ń sáré. Ká yé ara wa: eré kan náà ni. Ẹsẹ̀ wọn gùn, ó sì mọ òkúta kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Ìrìn wọn ni mò ń sá tí ìmí fi ń gé lọ́fun mi. Iwájú ni wọ́n máa ń wà, èmi á wà lẹ́yìn. Mo sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀wọ̀ ni kò jẹ́ kí n lọ síwájú àgbà. Nítorí ejò ni.

Ohun kan wà tó ń bí mi nínú lójú ọ̀nà yẹn. Bàbá kì í dákẹ́. Bí a bá ti rìn díẹ̀, wọ́n á ní, "Àkànní, o wà ńbẹ̀?" Màá ní, "Mo wà ńbẹ̀, Bàbá." A ò ní tíì dé ibi ọ̀pẹ kan, "Àkànní, o wà ńbẹ̀?" Bí a bá wá dé ibi tí ọ̀nà ti fún láàárín àpáta méjì, níbi tí ẹni tó wà níwájú ò ti lè yíjú padà dáadáa, ìpè náà á le bí ìgbà tí ìyá ń pe ọmọ lọ́jà. Mo kà á lọ́jọ́ kan, ó lé ní ogójì kí a tó délé. Kí ènìyàn máa sáré, kó tún máa dáhùn bí ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní!

Mo ní, "Bàbá, ṣé ẹ rò pé mo máa sá padà ni?"

Wọ́n ní, "O ò tíì sá padà rí?"

Mo bojú wolẹ̀, mò ń bá eré mi lọ.

Ọjọ́ kan wà tí ojú ń tì mí láti kọ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àgùntàn ti jáde, kí èyí náà jáde. A dé àárín àpáta méjì, orúnkún ń dun Bàbá láti òwúrọ̀, èmi sì ń ṣe bí ọlọ́gbọ́n. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn òkúta kan, mo pa ẹnu mọ́.

"Àkànní, o wà ńbẹ̀?"

Mi ò dáhùn.

"Àkànní?"

Mo fọwọ́ bo ẹnu kí n má baà rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ tí àdá bọ́ lu òkúta. Mo sì rí ẹni tí orúnkún ń dùn tó ń sáré bọ̀. Mi ò mọ̀ títí di ọjọ́ náà pé Bàbá Àgbà ṣì lè sáré. Wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì ti àpáta lọ́tùn-ún lósì. Nígbà tí wọ́n rí mi tí mò ń rẹ́rìn-ín, wọn ò nà mí, wọn ò bú mi. Wọ́n jókòó sórí òkúta.

Mo ní, "Bàbá, mò ń bá yín ṣeré ni."

"Mo mọ̀."

A jókòó títí. Mo lọ mú àdá wá, ẹnu rẹ̀ ti ya, mo sì rò nínú ọgbọ́n mi pé ohun tó bí Bàbá nínú nìyẹn. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó bí ẹni tí kò rí i. Wọ́n ní, "Èyíkéyìí tó bá wù ọ́ ni kí o fi bá mi ṣeré. Má fi ìdáhùn ṣeré."

Ohun tí eré náà ṣe fún mi, téèpù mi ló mọ̀ ọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mò ń wọn ìdí gbogbo Ólódò tí mi ò wọn tèmi. Nígbà tí ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́, mo wọ̀n ọ́n, mo rò pé téèpù ti gùn sí i. Nọ́ọ̀sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, ó bi mí pé oògùn wo ni mò ń lò. Mo ní bàbá mi àgbà ni. Ó ní kí n má ṣe dín in kù.

Aago náà wà lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà yẹn. Bí a bá lọ tí a bọ̀, á kọ nǹkan bí irinwó kálórì, Bàbá á sì ní kí wọ́n fún mi ní iyán díẹ̀, ẹ̀fọ́ tó pọ̀. Ní Sátidé kan, wọ́n nawọ́ sí mi. Wọ́n ní, "Dè é mọ́ mi lọ́wọ́ lónìí. Kí n mọ irọ́ tó ń pa fún ọ." Mo dè é. Orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n yára bíi ti tẹ́lẹ̀, a rìn jẹ́jẹ́ ni, n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ làágùn. Wọ́n pè mí, mo dáhùn, wọ́n pè mí, mo dáhùn. Nígbà tí a délé, mo wo aago, mo kígbe pe Ìyá Títí. Ẹgbẹ̀ta! Ẹ̀yìn ẹ̀wù Bàbá gbẹ, ìmí wọn ò já, ọ̀nà kan náà la rìn, àgbàlagbà sì jó ẹgbẹ̀ta. Mo fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ títí dìrọ̀lẹ́. Mo ní, "Bàbá, ṣé ibi tí mi ò sí lẹ sáré lọ ni?" Mo ní kí wọ́n gún iyán méjì fún wọn, òṣùwọ̀n ti sọ ọ́. Bàbá bọ́ aago, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́.

Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín. Òpùrọ́ ni." Wọn ò dè é mọ́ láti ọjọ́ náà.

Nǹkan mìíràn tí mi ò tètè lóye ni ìbéèrè oṣù. Lẹ́yìn tí mo pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, Bàbá a máa bi mí pé, "Ó ku oṣù mélòó tí o fi máa pé méjìlélógójì?" Mo rò pé wọ́n fẹ́ pa ewúrẹ́ fún mi. Mo tilẹ̀ ti yan ewúrẹ́ náà. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, ó bọ́ sí Sátidé, mo dé pẹ̀lú ikùn òfìfo. Bàbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò ṣẹ́ ṣòkòtò wọn sókè. Wọ́n na àdá sí mi.

"Máa dá lọ láti òní lọ. O ti kọjá ibẹ̀."

"Ibo, Bàbá?"

"Ibẹ̀."

Mo wo ẹ̀yìn mi, mo rò pé àpáta ni wọ́n ń sọ. Mo dá lọ, mo dá bọ̀, ìdákẹ́jẹ́ ọ̀nà náà sì bà mí lẹ́rù ju ejò lọ. Kò sí ewúrẹ́ kankan nígbà tí mo dé. Iyán ló wà níbẹ̀, iyán Ọ̀nà Àpáta gan-an, kò lé, kò dín.

Ọyẹ́ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá lọ. Ọ̀sán ni, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ wọn. Ìyá Títí gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n lọ tú èlùbọ́ sá. Nígbà tí wọ́n padà, Bàbá fẹ̀yìn ti igi bí ẹni tó ń sùn. Bàbá kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù, torí àwọn fúnra wọn ló ń wọ̀n ọ́n. Ìyá Títí ní, "Mo rí abọ́ kí n tó rí ojú wọn. Ìdajì ló kù. Mo mọ̀."

A sin wọ́n nílànà Áńgílíkà. Àlùfáà ní ọ̀làwọ́ ni wọ́n, àwọn ará abà sì húkọ́ díẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹni tó gba ọ̀nà mọ́tò jẹun yó nínú ilé Bàbá Àgbà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé ìsìnkú, mo gba Ọ̀nà Àpáta wá sí abà. Mo bá Ìyá Títí níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀wà, Títí jókòó tì wọ́n, fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú fóònù náà ni gbogbo ohun tí aago ń kọ máa ń lọ. Mo ní kó wá ọjọ́ tí Bàbá jó ẹgbẹ̀ta jáde, kí a rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí. Ó wá a, ó fa fóònù sún mọ́ ojú. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń fi bí àyà ṣe ń lù hàn, láti ilé dé oríta àti àbọ̀.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, kì í ṣe iṣẹ́ ló mú un lù báyìí. Ẹ wò ó. Lórí òkè, ibi tó ga, ìlà yìí wálẹ̀. Ibí yìí ló ti lọ sókè fíofío, nígbà tí ẹ ń lọ, àti nígbà tí ẹ ń bọ̀. Àárín àpáta méjì ni. Ibẹ̀ sì tẹ́jú. Ẹ̀rù ló ba Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Bàbá wa? Tí ẹ̀rù ń bà? Ejò ni wọ́n rí nígbà náà."

Ìyá Títí ò gbójú kúrò lára ẹ̀wà. "Kì í ṣe ejò."

Títí yí fóònù dé. Mo dúró.

"Ibẹ̀ ni bàbá rẹ ṣubú sí, tó sì kú sí, Àkànní. Òun àti Bàbá ló ń ti oko bọ̀, ó ru iṣu. Ó ní kí àwọn gba Ọ̀nà Odò, pé ó rẹ òun, pé òun ò tíì jẹun. Bàbá ní ọ̀lẹ ni. Wọ́n gba Ọ̀nà Àpáta, Bàbá níwájú, òun lẹ́yìn, wọ́n ń bára wọn yan odì. Ilé ni Bàbá ti yíjú padà wò ó."

Mo wo ọwọ́ mi. Aago wà níbẹ̀, ó ń kà.

"Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi gbogbo ayé ní ọ̀nà tí wọ́n gbà." Ìyá Títí da ẹ̀wà sínú ìkòkò, wọ́n gbọn ọwọ́ nù. "Ẹ má pe aago yẹn ní òpùrọ́ mọ́. Lọ́jọ́ ti bàbá rẹ, Bàbá ò pè é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, 'O wà ńbẹ̀?'"